Ìpadàbọ̀ Ojúoró àti Òṣíbàtà: Ìtàn Ìkápá Gbéborùn ní Etí Ọ̀sà Èkó láti 1984

1. Ìfáàrà

Nínú èrò Yorùbá, ewéko méjì ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ohun tí omi kò lè borí. Èkíní ni ojúoró, tí ó máa ń léfòó lójú omi láìfi gbòǹgbò kan ilẹ̀. Èkejì ni òṣíbàtà, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ṣùgbọ́n tí ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi. Bí àgbàlagbà bá ń súre fún ọmọ pé kí ó lékè ọ̀tá, orúkọ àwọn méjèèjì yìí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àdúrà náà ti wọ èdè lára tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgboro Yábàá, Ṣúúrùlérè àti Muṣin máa ń ṣe àmín sí i láìjẹ́ pé wọ́n fojú kan ewéko náà rí. Ṣùgbọ́n láti 1984 ni ewéko kẹta kan ti dé sójú omi Èkó, tí ó lékè ojúoró, tí ó sì bo òṣíbàtà mọ́lẹ̀. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Eichhornia crassipes, tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pè ní water hyacinth, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá sì sọ ní gbéborùn.

Ohun púpọ̀ ni wọ́n ti kọ nípa dídé gbéborùn, nípa ìyà tí ó fi jẹ apẹja àti ọlọ́kọ̀, àti nípa ọ̀nà tí ìjọba gbà láti kápá rẹ̀. Ohun tí ó wọ́n nínú ìwé wọ̀nyí ni ìtàn ohun tí ó tẹ̀ lé ìkápá náà. Nígbà tí àjòjì bá kúrò lójú omi, ǹjẹ́ onílé máa ń padà sí ilé rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò, pàápàá ní etí ọ̀sà tí ó wà ní apá Mainland, láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Mákòkò títí dé Ìwáyà, Akọkà àti Bàrígà.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n: ìdínkù gbéborùn, ṣíṣí ojú omi sílẹ̀, àti ìpadàbọ̀ àwọn ewéko ìbílẹ̀. Èkíní lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìkejì; ìkejì lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìkẹta. Ní etí ọ̀sà Mainland, iyọ̀ inú omi máa ń ṣe iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ lọ́dọọdún láìgba owó oṣù. Ìkẹta ni kò sí lọ́wọ́ iyọ̀, kò sì sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ ilẹ̀ àbàtà tí ó yí ọ̀sà náà ká ni ó wà.

2. Orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn

Kí ènìyàn tó lè sọ pé ewéko kan padà sí ilé rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ilé rẹ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí tí ó súnmọ́ jù lọ ni èdè. Ojúoró àti òṣíbàtà wà nínú àdúrà, wọ́n wà nínú ọfọ̀, wọ́n sì wà nínú agbára ewé tí àwọn onísègùn ń lò. Pierre Verger kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé, èyí tí ó jáde ní 1995. Àwọn ẹlẹ́wẹ́ọmọ ọjà Muṣin kò ní béèrè pé kí ni ojúoró bí oníbàárà bá dárúkọ rẹ̀.

Gbéborùn kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un kì í ṣe orúkọ ewé rárá. Orúkọ olófòófó ni, ẹni tí ó gbé ìborùn sọ́rùn, tí ó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti rí i pé bí ọ̀rọ̀ òfófó ṣe ń ràn ni ewéko náà ṣe ń ràn, àti pé ibi tí ó bá dé kì í fararọ. Àwọn Ígálà náà fún un ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ó pa ìyá, ó pa ọmọ. Orúkọ ìnagijẹ báyìí jẹ́ àmì pé àlejò ni ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, ẹ̀rí èdè nìkan kò tó. Àgbàdo kì í ṣe ewéko ilẹ̀ Yorùbá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀; láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó dé ibẹ̀. Láìka èyí sí, òwe àti àlọ́ lórí àgbàdo kò níye. Nítorí náà, pé ewéko kan ní òwe kò fi hàn ju pé ó ti pẹ́ lójú àwọn ènìyàn lọ. Ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ kún un. Ní ti òṣíbàtà, irú rẹ̀ wà nínú àwòrán tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ yà sára ibojì wọn. Ní ti ojúoró, àwọn òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n lójú odò Náílì. Kò sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún gbéborùn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Bí ẹ̀rí èdè àti ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ewéko bá pàdé báyìí, ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò fìdí múlẹ̀.

3. Ọ̀sà Èkó kí gbéborùn tó dé

Ọ̀sà Èkó kì í ṣe adágún omi lásán. Ìwọ̀n ojú rẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 208, ṣùgbọ́n kò jìn: àròpín jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ. Odò Ògùn ń dà sínú rẹ̀ láti àríwá, omi Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́ ń wọ inú rẹ̀ láti ìlà-oòrùn, omi Àgbádárìgì sì ń bá a pàdé láti ìwọ̀-oòrùn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo omi wọ̀nyí ń gbà jáde sínú òkun, ìyẹn ni ẹnu èbúté Èkó. Láàárín 1908 àti 1912 ni ìjọba amúnisìn fi òkúta ṣe odi sí ẹnu ọ̀nà yìí kí iyanrìn má baà dí i mọ́, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àbájáde èyí ni pé ọ̀sà náà ní ìwà méjì nínú ọdún kan. Nígbà òjò, omi odò máa ń ti omi òkun sẹ́yìn, ọ̀sà á sì di omi dídùn tàbí ohun tí ó súnmọ́ ọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá ti fà, omi òkun á padà wọlé, iyọ̀ á sì gòkè. M. B. Hill àti J. E. Webb ti ṣe àlàyé ìyípadà yìí nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1958, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ gbéborùn ní Nàìjíríà.

Ojúoró àti òṣíbàtà kò fẹ́ iyọ̀. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ojúoró bo àárín ọ̀sà ní iwájú Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá ní ayé àtijọ́. Àlejò ìgbà òjò ni ó jẹ́ níbẹ̀. Ibi tí ó ń gbé ní tòótọ́ ni ẹsẹ̀ odò kéékèèké, àbàtà, àti kòtò omi tí iyọ̀ kì í dé, tí ó wà lẹ́yìn etí ọ̀sà. Láti inú ibùba wọ̀nyí ni omi òjò ti máa ń gbé e jáde. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èyí tí ó jáde á kú, èyí tí ó kù sílé á wà fún ọdún tí ń bọ̀. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ kì í rìn. Inú ibùba ni ó máa ń wà, tí yóò fi iṣu rẹ̀ pamọ́ sínú ẹrẹ̀ bí omi bá fà. Ní etí ọ̀sà gan-an, níbi tí omi iyọ̀ ń dé, igi ẹ̀gbà àti koríko tí ó lè fara da iyọ̀ ni ó gba ilẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn nínú èyí ni pé wíwà ojúoró ní ọ̀sà sinmi lé ibùba. Bí kò bá sí ibùba, kò sí ìpadàbọ̀.

4. Dídé gbéborùn

Nítorí òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ni àwọn ènìyàn ṣe kó gbéborùn kúrò ní Gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ káàkiri, tí wọ́n fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ nínú ọgbà. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, ó ti wà lójú omi gúúsù Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Omi tí ó so Àjàṣẹ́ pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì kò mọ ààlà tí àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pa. Ní oṣù kẹsàn-án 1984 ni wọ́n ṣàkíyèsí ewéko náà ní omi Àgbádárìgì. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba ojú omi dé ọ̀sà Èkó, tí ó kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. O. A. Akinyẹmiju ti Ifẹ̀ kọ ìròyìn ìgbóguntì yìí sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ewéko omi ní 1987. Ní oṣù kẹjọ 1988, ìpàdé àpérò àgbáyé lórí gbéborùn wáyé ní Èkó fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà tí gbéborùn fi ń borí àwọn onílé kò ṣòro láti lóye. Bí oúnjẹ bá wà nínú omi, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ojúoró kúrú, ewé rẹ̀ sì jókòó sórí omi. Gbéborùn nàró, igi ewé rẹ̀ wú bí fèrè, ó sì máa ń ga ju ojúoró lọ fíìfíì. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà pọ̀, òjìji ni ojúoró yóò kú sí. Ewé òṣíbàtà kò lè rí àyè tẹ́ sí. Àwọn ewéko tí ó ń gbé inú omi pátápátá, irú Ceratophyllum, kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Lábẹ́ ẹní ewéko yìí, atẹ́gùn tí ẹja ń mí á dínkù.

Àwọn ènìyàn etí omi Mainland kò kọ́ èyí nínú ìwé. Ní Mákòkò, níbi tí àwọn Ègùn ti ń gbé inú ilé orí òpó, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí gbéborùn bá bo ojú omi, àjẹ̀ kò ní wọlé, abẹ ẹ̀rọ ọkọ̀ á lọ́ mọ́ gbòǹgbò, àwọ̀n á sì wúwo fún ewéko dípò ẹja. Ìyàwó apẹja tí ń yan ẹja kò ní rí ohun tí yóò gbé sórí iná. Ní Ọkọ́ Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń kó gẹdú gba ojú omi wá sí ibi ìlàgi, ewéko náà há àárín gẹdú. Nígbà tí afárá Third Mainland parí ní 1990, òpó rẹ̀ tún di ibi tí ẹní gbéborùn ń fẹ̀yìn tì ní iwájú Akọkà.

Ó tún yẹ láti sọ pé ìlú fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ́ àlejò yìí. Ìdọ̀tí láti inú gọ́tà àti kànáàlì Muṣin, Ṣúúrùlérè àti Yábàá máa ń ṣàn lọ sínú omi tí ó yí ìlú ká, oúnjẹ ewéko sì ni ìdọ̀tí náà. Ẹni tí ó bá ka ìtàn gbéborùn sí ìtàn ewéko kan tí ó ti òkèèrè wá kò tíì ka ìdajì ìtàn náà.

5. Ọ̀nà ìkápá

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn ènìyàn ti lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí ó ń ṣe sí àwọn ewéko ìbílẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni fífi ọwọ́ kó o. Iṣẹ́ àṣekára ni, kò sì lè ká ọ̀sà ńlá. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣa ewéko mọ ìyàtọ̀. Ó lè fi òṣíbàtà sílẹ̀ bí wọ́n bá sọ fún un.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ. Àjọ tí ń mójú tó ọ̀nà ojú omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASWA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, ti lo ẹ̀rọ tí ń gé gbéborùn tí ó sì ń kó o. Ẹ̀rọ yára ju ọwọ́ lọ, ó sì ṣe pàtàkì fún ọ̀nà ọkọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò mọ gbéborùn yàtọ̀ sí ojúoró. Ohun gbogbo tí ó bá ṣáájú rẹ̀ ni ó ń gé.

Ọ̀nà kẹta ni oògùn apakoríko. Àwọn onímọ̀ ti dán irú rẹ̀ wò, pàápàá glyphosate. Oògùn yìí náà kì í yan ewéko. Yàtọ̀ sí èyí, bí ewéko púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, yóò rì, yóò jẹrà, yóò sì gba atẹ́gùn inú omi lọ́wọ́ ẹja. Oúnjẹ tí ó wà lára rẹ̀ á padà sínú omi, á sì dúró de ewéko tí yóò kọ́kọ́ dé.

Ọ̀nà kẹrin ni kòkòrò. Àwọn kòkòrò kékeré méjì kan, Neochetina eichhorniae àti Neochetina bruchi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú gbéborùn, ni àwọn onímọ̀ IITA tú sílẹ̀ ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ láti 1991. Láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Gbéborùn nìkan ni kòkòrò yìí fi ń ṣe oúnjẹ àti ibùsùn. Kò jẹ ojúoró, kò jẹ òṣíbàtà. Nínú àwọn ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí nìkan ni ó dá onílé sí nípa ìwà rẹ̀. Ọ̀nà ọwọ́ lè dá a sí bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í kánjú. Ọdún bíi mélòó kan ni ó ń gbà, ìjọba tí ó sì fẹ́ kí ọ̀nà ọkọ̀ ṣí lọ́la kò ní sùúrù rẹ̀.

Ní Èkó, ọ̀nà karùn-ún wà tí ẹnikẹ́ni kò gbé kalẹ̀: iyọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú kí iyọ̀ gòkè ju gíráàmù díẹ̀ lọ nínú lítà omi kan, gbéborùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Omi òkun ní tó gíráàmù 35 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò pẹ́ kí omi ọ̀sà tó kọjá ohun tí ewéko náà lè fara dà. Ìdí nìyí tí ẹní gbéborùn tí ó ń há òpó afárá ní apá ìparí òjò fi máa ń pòórá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyìn iṣẹ́ yìí ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

6. Ẹ̀kọ́ láti àwọn omi mìíràn

Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ Èkó jù lọ. Adágún Nokoué náà ní ẹnu ọ̀nà sínú òkun, èyí tí àwọn Faransé gbẹ́ ní Kútọnu ní 1885, iyọ̀ sì máa ń wọ inú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ìtúsílẹ̀ kòkòrò, gbéborùn dínkù gidigidi. Hugo De Groote àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2003 lórí èrè rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn 365 lẹ́nu wò ní abúlé 24. Ìṣirò wọn ni pé, nígbà tí gbéborùn pọ̀ jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là ni àwọn ènìyàn bíi 200,000 ń pàdánù lọ́dún. Pé ìkápá náà dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 30.5 dọ́là padà lọ́dọọdún; àti pé gbogbo owó tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ náà kò ju mílíọ̀nù 2.09 dọ́là lọ. Àṣeyọrí ńlá ni, kò sì sí ẹni tí yóò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn ṣàkíyèsí ni ohun tí ìṣirò náà kà: owó tí ń wọlé fún apẹja, àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Ìpadàbọ̀ ewéko ìbílẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kà ni ìtàn máa ń rántí.

Ní adágún Victoria, gbéborùn di ìṣòro ní nǹkan bíi 1990. Wọ́n tú kòkòrò sílẹ̀ ní Uganda ní 1995 àti ní Kenya ní 1997. Ní òpin àwọn ọdún 1990, ewéko náà wó lulẹ̀, lẹ́yìn òjò ńlá El Niño ti 1997 sí 1998. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èwo nínú kòkòrò àti ojú ọjọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ jù. Ohun tí ó kan àpilẹ̀kọ yìí ni ti àwọn onílé. Ní àwọn etí omi kan, koríko ìbílẹ̀ tí ń jẹ́ Vossia cuspidata hù sórí ẹní gbéborùn tí ó ń kú lọ, ó sì fi òkú àlejò ṣe ilẹ̀. Onílé kan padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, kì í sì í ṣe bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, gbéborùn náà tún padà. Kò yani lẹ́nu, nítorí èso rẹ̀ lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún.

Àpẹẹrẹ kẹta, ti odò Senegal, fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ hàn. Ní 1986, ìdídò Diama parí, ó sì dí omi iyọ̀ lọ́nà kí ó má baà wọ odò mọ́. Typha, ewéko ìbílẹ̀ tí iyọ̀ ti ń kó níjàánu láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, wá rí àyè, ó sì gba etí odò kan. Ojúoró náà pọ̀ jù níbẹ̀, títí tí wọ́n fi tú kòkòrò tirẹ̀, Neohydronomus affinis, sílẹ̀ láti kápá rẹ̀. Èyí fi hàn pé orúkọ onílé kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìwà rere. Iyọ̀, ìṣàn omi àti oúnjẹ inú omi ni ó ń pinnu bóyá ewéko kan yóò jẹ́ aládùúgbò tàbí agbóguntini.

7. Ohun tí ó padà àti ohun tí kò padà ní etí Mainland

Bí ènìyàn bá fi ojú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí wo etí ọ̀sà láti Mákòkò dé Bàrígà, ohun tí yóò rí yàtọ̀ sí ohun tí ó ń retí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbéborùn kò sí. Ojú omi ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ ń lọ, àwọ̀n ń wọ omi. Ẹni tí ó bá gba ìdínkù àlejò gẹ́gẹ́ bí ìpadàbọ̀ onílé yóò ní iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí ó pa gbéborùn kò ní dá ojúoró sí. Omi tí ó ṣí náà ṣófo fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí òjò bá tún dé, eré ìje ni yóò bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò kọ́kọ́ jáde láti inú ibùba rẹ̀ wá gba ojú omi?

Nínú eré ìje yìí, gbéborùn ní ibùba tí ó gbòòrò. Odò Ògùn, omi Àgbádárìgì, Ológè, Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí kún fún omi dídùn tí iyọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé, láti ibẹ̀ sì ni ìṣàn òjò ti ń kó o wá lọ́dọọdún. Ibùba ojúoró àti òṣíbàtà ní Mainland kéré, ó sì ń kéré sí i. Àwọn ẹsẹ̀ odò àti àbàtà tí ó wà láàárín ilé ni ibùba náà. Láti ìgbà tí ìlú ti ń gbòòrò ni wọ́n ti ń da iyanrìn, ìdọ̀tí àti ìyẹ̀pẹ̀ igi sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè kọ́lé sórí rẹ̀. Èyí tí wọn kò dí, wọ́n fi kọnkéré ṣe ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di kànáàlì. Òṣíbàtà kò lè fi iṣu pamọ́ sínú kọnkéré. Ojúoró lè wà nínú kànáàlì fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàrá òjò ńlá kan tó láti gbá a lọ.

Àtakò kan wà tí kò yẹ kí ènìyàn fojú fò. Ẹnìkan lè sọ pé ojúoró fúnra rẹ̀ máa ń dí ojú omi, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní Senegal. Kí ló dé tí ìpadàbọ̀ rẹ̀ fi yẹ ní ohun tí ènìyàn ń dárò? Ìdáhùn ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ewéko kan ṣoṣo. Àbàtà tí ó lè gba ojúoró àti òṣíbàtà sílé ni ẹja kékeré ń sá pamọ́ sí, òun ni ó ń gba omi òjò dúró kí ó má baà ya wọ ilé ní Ìwáyà, òun náà ni ó ń sẹ́ ìdọ̀tí kí ó tó dé ọ̀sà. Bí ewéko méjèèjì bá wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó tọ́, àmì ni pé àbàtà náà ṣì wà láàyè. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀ mọ́, kò sí ẹ̀rọ ìgéwé tí yóò dá wọn padà.

Ó sì kan ènìyàn tààrà. Ẹlẹ́wẹ́ọmọ Muṣin tí ó fẹ́ ojúoró tútù kò lè rí i nínú omi iyọ̀. Ibi tí omi dídùn ṣì wà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti bá a ká a wá. Apẹja Mákòkò náà mọ̀ pé omi tí ó ṣí kò túmọ̀ sí omi tí ó ní ẹja. Ní oṣù keje 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ wó apá kan Mákòkò, ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ni etí omi sì gba ìlú kan. Nínú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, onílé orí omi àti ewéko orí omi ń dojú kọ ìṣòro kan náà: àwọn méjèèjì nílò etí omi tí kò tíì di ilẹ̀ gbígbẹ.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn ìkápá gbéborùn ní Èkó kò tíì pé bí kò bá ju ìtàn ohun tí wọ́n mú kúrò lójú omi lọ. Èdè àti ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ewéko fi ẹni tí í ṣe onílé hàn. Ìwà ọ̀sà fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ omi dídùn nígbà òjò tí ó sì jẹ́ omi iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fi hàn pé ibùba ni onílé náà ti ń wá. Bẹ̀nẹ̀, Victoria àti Senegal fi hàn pé àlejò lè lọ láìjẹ́ pé onílé padà, pé onílé lè padà ní ìrísí mìíràn, àti pé onílé náà lè di agbóguntini bí wọ́n bá yí ìwà omi padà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni pé ìròyìn tí àwọn àjọ ìjọba àti àwọn olùwádìí ń kọ lórí ojú omi Èkó yẹ kí ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta: iye gbéborùn tí ó kúrò, bí ojú omi ti ṣí tó, àti ewéko ìbílẹ̀ tí ó padà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko àti ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn lè pawọ́ pọ̀ ṣe èyí, nítorí Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Akọkà ní etí omi náà gan-an. Bákan náà, kí wọ́n tó dí àbàtà kan ní Mainland, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí ń gbé inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ojúoró kò lékè omi nítorí agbára rẹ̀ nìkan. Ó lékè nítorí pé omi dídùn wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó gbé e dúró. Àwọn àgbà tí ó fi í súre mọ omi náà dáadáa. Bí ìlú bá dí omi náà tán, àdúrà yóò ṣì wà lẹ́nu, àmín yóò sì máa tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ohun tí àdúrà ń tọ́ka sí yóò ti kúrò ní ilẹ̀ náà.